Yàrá Méjì, Ènìyàn Méjì

"Mo ti lọ aṣọ ìrọ̀rí yẹn lẹ́ẹ̀kan, Màmá," ni Onídìrí wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè. Wọ́n ti ká aṣọ ìbora àtijọ́ kan sí méjì lórí tábìlì ìjẹun, wọ́n tẹ́ aṣọ ìrọ̀rí náà lé e, wọ́n ń ti áyọ́ọ̀nù lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, pẹ̀lú sùúrù ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ. Wọ́n ti ìka bọ abọ́ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ta á sí igun aṣọ náà, èéfín tín-ín-rín sì gòkè.

"Mo rí i pé o lọ̀ ọ́," ni wọ́n dáhùn. "Etí rẹ̀ ni kò dọ́gba."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu Onídìrí, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó padà sí kíṣíìnì, ó jókòó sórí ike omi tó dojú dé, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Oòrùn ò tíì ga, ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ dalẹ́.

Kì í ṣe pé Màmá burú. Ohun tó tilẹ̀ ń dùn ún jù nìyẹn. Ká ní wọ́n burú ni, ì bá rí ẹjọ́ rò fún ẹlòmíràn. Alágbàfọ̀ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ilé ìtura ńlá kan ni wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn àlejò, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń ká a, títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀ tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò bá wọn fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá rí aṣọ tó rún, ara wọn á máa yún wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n bá wá. Wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kí wọ́n sì padà sí ìlú wọn, níbi tí wọ́n ti ń dá gbé nínú ilé tiwọn. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tú báńdéèjì lójú wọn ni ìjọba ń ti àwọn ọ̀nà. Àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ̀lú, wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé, àlejò ọ̀sẹ̀ kan bá di ará ilé. Màmá fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ pé, "Wọ́n la ojú fún mi tán, wọ́n ní kí n máa fi wo ògiri."

Yàrá méjì ni ilé náà, lókè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta kan, pẹ̀lú kíṣíìnì tóóró àti fàráńdà tí kò gbà ju àga kan lọ. Ọkọ Onídìrí ì bá ti wà níbẹ̀ láti máa bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà, àmọ́ alásè ni nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù, ọkọ̀ náà sì wà lójú omi níwájú èbúté kan tí wọn ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà, á pè, á béèrè bóyá wọ́n wà dáadáa. Ìyá rẹ̀ á ní àwọn wà. Ìyàwó rẹ̀ á ní àwọn wà. Òun náà á ní òun wà. Lẹ́yìn náà, ìlà á já.

Ní ti Onídìrí, iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òpópónà: àga mẹ́ta, dígí gígùn kan, àti bàsíà ìfọrun tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kí ọrùn oníbàárà lè rọra bọ́ sí i. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ tí kì í sinmi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ wá di ọwọ́ tí kò rí nǹkan ṣe. Nígbà mìíràn, bó bá jókòó, àwọn ìka rẹ̀ á máa pín afẹ́fẹ́ sí mẹ́ta mẹ́ta bí ẹni tó ń dirun, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Olúkúlùkù ló ní ohun kékeré tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ti Onídìrí ni ife tíì kan tó máa ń mu nínú kíṣíìnì kí Màmá tó jí. Á rọra ti ilẹ̀kùn, á gbé omi kaná, á fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú, kò ní ronú nípa ohunkóhun títí yóò fi tán. Ti Màmá ni fàráńdà. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n á gbé àga síbẹ̀, wọ́n á kọjú sí oòrùn, wọ́n á máa wo ọkùnrin tó ń gbé òdìkejì òpópónà. Awakọ̀ ni, bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ló ń wà, ó sì ti gbé e sí iwájú ilé látìgbà tí ọ̀nà ti di títì. Lójoojúmọ́ ló ń fọ̀ ọ́. Á nu dígí, á nu táyà, á gbá inú rẹ̀, bí ẹni pé èrò ń bọ̀.

"Awakọ̀," ni Màmá á pè láti òkè, "ọkọ̀ ti kún?"

"Ó ku ẹnì kan, Màmá. Ẹ tètè máa bọ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àwàdà náà kì í sì sú àwọn méjèèjì. Onídìrí nìkan ló ti sú. Àti àwàdà ni o, àti rédíò tí Màmá ń tan kíkankíkan láti gbọ́ iye ẹni tó kú, àti ìkòkò tó bá fọ̀ tí wọ́n á tún fọ̀, àti bí wọ́n ṣe máa ń béèrè "Ta nìyẹn?" bí ó bá rìn kọjá, nígbà tó jẹ́ pé àwọn méjì péré ló wà nílé.

Ọ̀rọ̀ òòyà ló wá bu epo síná. Onídìrí ti kó àwọn òòyà rẹ̀ wálé láti ṣọ́ọ̀bù, ó tò wọ́n sínú páálí kan lábẹ́ ibùsùn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ti ń lò látìgbà tó ń kọ́ṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sùn lọ díẹ̀, Màmá gbọ́ lórí rédíò pé kí a máa fi omi gbígbóná fọ ohunkóhun tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn. Wọ́n ronú kan páálí náà. Nígbà tí Onídìrí fi jí, àwọn òòyà ti wà nínú ìkòkò lórí iná, gbogbo eyín wọn ti wọ́ síra, àwọn mìíràn ti ká kò bí ewé tí oòrùn pa.

"Mo bá ọ pa kòkòrò ara wọn," ni Màmá wí, inú wọn sì dùn.

Onídìrí wo ìkòkò náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ẹ ṣeun, Màmá. Ó dúró títí wọ́n fi lọ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn kíṣíìnì, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ irun. Ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ òòyà. Ó sọ ọ̀rọ̀ aṣọ ìrọ̀rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó ní sùúrù, ó ní àgbà lẹ ń bá gbé.

"Sùúrù wo?" ni Onídìrí wí. "Wọ́n ti sú mi. Ṣé o gbọ́? Wọ́n ti sú mi. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá ṣí, èmi fúnra mi ni màá gbé báàgì wọn sórí, màá sì sáré."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ara sì tù ú. Ògiri tó wà láàárín kíṣíìnì àti yàrá Màmá kò nípọn ju pákó lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn gbàgbé ni.

Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, ilé dákẹ́. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó kíyè sí i pé rédíò kò sọ̀rọ̀. Ó lọ wo fàráńdà, kò sẹ́ni. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá Màmá, ó ṣí i. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn, ó mọ́ lórí bí ojú tábìlì. Lórí rẹ̀ ni gbogbo aṣọ Onídìrí wà, èyí tó ti gbẹ lórí okùn láti àná. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a, wọ́n tò ó léra wọn. Báàgì Màmá kò sí níbẹ̀.

Kò rántí bó ṣe sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀. Òpópónà ṣófo, àwọn ṣọ́ọ̀bù tì pa, ajá kan sùn sáàárín ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó ń sáré díẹ̀, ó ń rìn díẹ̀, títí ó fi dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti fi igi dí ọ̀nà. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ní kó dúró síbi tó wà, ó béèrè ibi tí ìbomú rẹ̀ wà. Onídìrí fa etí gèlè bo imú. Ó ní òun ń wá ìyá àgbàlagbà kan, tó ga díẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, tó gbé báàgì. Ọlọ́pàá náà ní ẹnikẹ́ni kò gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, ó ní kó padà sílé kóun tó mú un. Lẹ́yìn náà, bóyá nítorí ohun tó rí lójú rẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, àgbàlagbà kì í lè lọ jìnnà. Ẹ wo ìtòsí ilé yín dáadáa."

Ó padà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà gbogbo. Ohun tó ń wá sọ́kàn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ: ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ọkọ rẹ̀ lójú omi, àti ohun tí yóò sọ fún un bí fóònù bá dún. Nígbà tó súnmọ́ ilé, ó rí Awakọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀, àkísà ìnudígí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò nu nǹkan kan. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe inú ọkọ̀.

Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, báàgì wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ìbomú wọn bo imú àti ẹnu, ó sì hàn gbangba pé wọ́n ti lọ̀ ọ́. Iwájú ni wọ́n ń wò, bí èrò tó ti san owó ọkọ̀ tán tó ń retí kí wọ́n gbéra.

Onídìrí gòkè. Ó jókòó sórí ìjókòó tó wà ní òdìkejì.

"Màmá," ló wí, "ọkọ̀ yìí kò lọ síbì kankan."

"Mo mọ̀. Ojú ni dókítà ṣe fún mi, orí mi pé." Wọ́n tún báàgì wọn gbé dáadáa. "Mo kàn ní kí n jókòó díẹ̀ níbi tí n kò ti sú ẹnikẹ́ni."

Irọ́ kan ti dé ẹnu Onídìrí, irọ́ tó dára, pé ẹlòmíràn lòun ń bá wí, pé oníbàárà kan ni. Màmá ì bá gbà á. Àgbà a máa gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kí ilé lè tòrò. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti pa á, kò sì lè wo ìbomú tí wọ́n lọ̀ náà kó máa purọ́ sí i.

"Mo sọ ọ́, Màmá. Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ ti sú mi." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ forí jì mí."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ààyè kò gbà á. Orúnkún rẹ̀ kọ lu irin ìjókòó, ó sì dún gbọ̀ǹgàn.

"Jókòó," ni Màmá wí. "O máa ṣe ara rẹ léṣe lásán. Ìwọ náà ti sú mi."

Onídìrí gbójú sókè. "Èmi?"

"Ìwọ. O máa ń gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni pé ó jẹ ọ́ níyà. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, wàá máa wo fóònù. O sì máa ń dá tíì mu láràárọ̀, wàá ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi, imú ni wọ́n ṣe é sí, tí n kò fi lè gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ohun tó ń bọ̀ láti inú Onídìrí kò yàtọ̀ sí ẹ̀rín, ó sì ń tì í padà.

Màmá yọ ìbomú wọn sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ohùn wọn yí padà. "Mo tọ́jú ìyá ọkọ tèmi títí wọ́n fi kú. Wọ́n pẹ́ lórí àìsàn. Mo bọ́ wọn, mo wẹ̀ wọ́n, gbogbo ẹbí ń yìn mí. Wọ́n sì sú mi, ìyàwó mi. Wọ́n sú mi débi pé mo máa ń lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé kí n lè mí. N kò sọ ọ́ létí ẹnì kan rí, mo rò pé wọn kò mọ̀. Àná, bí mo ṣe jókòó sórí ibùsùn tí mò ń gbọ́ ohùn rẹ, ni mo tó mọ̀ pé wọ́n mọ̀."

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì wọlé. Lẹ́yìn náà ni Awakọ̀ yọjú, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, ó ní òun fẹ́ fi iná sí ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí bátìrì má baà kú. Ó gòkè sí ìjókòó rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Bọ́ọ̀sì náà wúkọ́, ó mi gbogbo ara rẹ̀, fèrèsé ń jó nínú férémù rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó tó wà níwájú wọn mú.

"Ó yá," ni wọ́n wí, "a ti gbéra."

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń dùn ún, Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, Awakọ̀ sì ń wò wọ́n nínú dígí iwájú rẹ̀ láìmọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, Onídìrí gba báàgì náà, àwọn méjèèjì sì rọra gun àtẹ̀gùn padà sókè, wọ́n ń sinmi ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Èyí kò sọ ilé náà di párádísè. Àárẹ̀ kò kúrò nínú rẹ̀, àrùn náà ò tíì lọ, Màmá kò sì yé tún ìkòkò fọ̀. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n lè sọ ọ́. Bí Màmá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀, Onídìrí á ní, "Màmá, ẹ ti ń sú mi bọ̀ o," wọ́n á sì ní, "Mo ti rí i lójú rẹ, jẹ́ kí n parí rẹ̀." Wọ́n fẹnu kò pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kálukú yóò wà ní yàrá tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi kúrò ní fàráńdà. Màmá pè é ní ìsinmi ẹnu. Wọ́n á máa kó oríṣìíríṣìí ọ̀rọ̀ jọ sọ́kàn láti sọ tó bá parí. Rédíò náà, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, wọ́n á sì pa á. Ife tíì wá di méjì. Nínú kíṣíìnì kan náà ni wọ́n ti ń mu ún, Màmá lórí àga, Onídìrí lórí ike rẹ̀, láìsọ̀rọ̀, nítorí Màmá náà rí i pé tíì àárọ̀ kò fẹ́ ariwo.

Ní ọ̀sán kan, Màmá ń fi ẹ̀yìn ìka yún orí lábẹ́ gèlè. Onídìrí béèrè ìgbà tí wọ́n ti fọ irun wọn kẹ́yìn. Wọ́n ní dókítà ní kí omi má kan ojú, àwọn kò sì mọ bí àwọn ó ṣe fọ̀ ọ́ tí kò ní kàn án. Onídìrí wò wọ́n. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ wọn, kò rí orí wọn láìsí gèlè rí.

"Màmá, kí ni iṣẹ́ mi?" ló béèrè.

Ó gbé àga sẹ́bàá síǹkì kíṣíìnì, ó ká táwẹ́lì sí ẹ̀yìn ọrùn wọn, ó ní kí wọ́n dá orí sẹ́yìn. Ó ká aṣọ inura kékeré kan sí ojú tí wọ́n ṣe náà, ó fi ọwọ́ òsì bo iwájú orí, ó sì ń fi ife da omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti àárín orí lọ sẹ́yìn. Irun náà funfun, ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀ ju irun ọmọ tuntun lọ. Ó ti gbàgbé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbọ́n tó. Àwọn ìka rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí wọ́n tẹ̀, ẹ̀yìn etí, ibi tí ọrùn ti pàdé agbárí, ibi tí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ò sọ máa ń kó jọ sí. Ọṣẹ hó, ilé kún fún òórùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màmá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Onídìrí fi ṣan irun náà tán, wọ́n ti sùn lọ, ẹnu wọn là díẹ̀, gbogbo ìwúwo orí wọn sì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, ṣùgbọ́n kò mira. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi jí.

"Mo sùn?" ni wọ́n béèrè.

"Ẹ hanrun pàápàá."

"Irọ́ ni," ni wọ́n wí. Onídìrí kò fi òòyà kankan kan irun náà nígbà tó ń dì í, nítorí kò sí èyí tó tọ́ mọ́. Ìka ló fi ya ojú irun. Màmá kíyè sí i. Wọ́n ní àwọn ti ba nǹkan iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì ń dun àwọn. Onídìrí ní ó dun òun náà, ó wá bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni fóònù mú ìròyìn kan wá. Oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó kọ́kọ́ jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ látìgbà náà, ni àrùn náà mú lọ. Wọ́n ti sin ín. Ẹnikẹ́ni kò lè lọ. Onídìrí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ láìsunkún, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ gbogbo orí obìnrin náà, àpá kékeré tó wà lókè etí, ibi tí irun ti kọ́kọ́ funfun. Kò mọ ẹni tí yóò sọ ìyẹn fún.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò sọ pé kó má sunkún, wọn kò sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n lọ. Onídìrí gbọ́ tí tábìlì dún, ó gbọ́ áyọ́ọ̀nù tó ń lọ tó ń bọ̀, èéfín rẹ̀ ń ṣe sìì. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i díẹ̀. Nígbà náà ni Màmá wọlé, wọ́n gbé aṣọ ibùsùn kan sáyà bí ẹni gbé ọmọ.

"Dìde díẹ̀," ni wọ́n wí.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ní ẹ̀ẹ̀kan náà, wọ́n fi ọwọ́ fà á tọ́, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ kíákíá kó tó tutù. Ó dùbúlẹ̀. Ooru aṣọ náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ èjìká, ó wọ ìbàdí, bí ẹni pé ẹnì kan gbé e sílẹ̀ rọra. Ibẹ̀ ló ti sunkún. Màmá jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Bí mo bá ti parí iṣẹ́ ní ilé ìtura yẹn," ni wọ́n wí, "tí àwọn ọ̀gá ti lọ, mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí èyí tó gbóná jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mo rò pé ǹ bá ti kú síbẹ̀."

Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè irú ènìyàn tí olùkọ́ náà jẹ́. Onídìrí sọ fún wọn. Ó sọ nípa àpá òkè etí náà.

Ọ̀nà wá ṣí bó ṣe tì, láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Onídìrí obìnrin, àkọ́bí Màmá, ló wá fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀. Nígbà náà, Awakọ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, epo dúdú tó kán sílẹ̀ nìkan ló kù níbi tó máa ń gbé bọ́ọ̀sì sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wọn, ó kí i kú ìtọ́jú, ó ní òun mọ̀ pé Màmá kò lè ti yọ ọ́ lẹ́nu.

"Wọ́n yọ mí lẹ́nu gan-an, Àǹtí," ni Onídìrí wí.

"Òun náà yọ mí lẹ́nu," ni Màmá wí láti inú mọ́tò.

Àwọn méjèèjì nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì tan mọ́tò rẹ̀.

Onídìrí lọ gbá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó lè ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ó padà sílé nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè "Ta nìyẹn?" Ìdákẹ́jẹ́ tó ti ń tọrọ látọjọ́ yìí wá wà níbẹ̀, nínú yàrá méjèèjì, kò sẹ́ni tó bá a pín in. Ó gbìyànjú láti gbádùn rẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó lọ sí fàráńdà. Nísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ ti ń fọn fèrè sí ara wọn bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó mú fóònù rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti dé?"

"Mo ti dé tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ kò sọ fún ọ ni?"

"Wọ́n sọ fún mi."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Ó gbọ́ mímí wọn. Ó gbọ́ tí wọ́n ṣí fèrèsé kan níbi tí wọ́n wà. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan nílẹ̀ láti sọ, ó sì mọ̀ pé Màmá náà kò ní.

"Ọkọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ," ni Màmá wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Ibí dákẹ́."

"Ibí náà dákẹ́."

"Hẹn. Ó ti tó, lọ gbádùn ara rẹ. O ní iṣẹ́ lọ́la."

"Ẹ má tíì pa á, Màmá."

Onídìrí fi etí mọ́ fóònù, ó sì gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga kan lórí sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n sì jókòó.